Bèbí àbí amọ̀: èwo lẹ máa gbé síwájú ọmọ tí àṣà ilé ẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi eré tọ́jú ọkàn ọmọdé, ẹ máa ń bèèrè èyí gan-an.

Owó: bèbí wọ́n jù, torí ẹ máa ra aláwọ̀ dúdú, aláwọ̀ funfun, oníhíjáàbù, ìyá àgbà, gbogbo ẹ̀. Amọ̀ ò wọ́n, àmọ́ ó ń tètè gbẹ.

Ìrọ̀rùn: ọmọ tí ò tíì gbọ́ èdè yín á yára fi bèbí ṣàlàyé.

Ewu ló ká mi lára jù. Tó bá jẹ́ bèbí bàbá, ìyá àtọmọ méjì nìkan lẹ kó kalẹ̀, ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́ lè máà fọwọ́ kàn án rárá, ẹ̀yin á rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́, bẹ́ẹ̀ kò kàn rí èèyàn ẹ̀ níbẹ̀ ni. Amọ̀ ní tiẹ̀, ọmọ náà fúnra ẹ̀ lá fi mọ àwọn èèyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń bá wí nílé tó bá dọ̀tí á kàn máa wo ọwọ́ ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òbí ẹ̀.

Tí èdè bá jẹ́ ìṣòro, bèbí. Tẹ́ ò bá mọ bí ìdílé ẹ̀ ṣe rí, amọ̀.