Microsoft To Do àti bébà ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná: àyẹ̀wò fún ará ilé ní Ìlọrin

Ohun tó bá ń yí po, Microsoft To Do, áàpù tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù, mọ̀ ọ́n dáadáa: gáàsì, owó iná, owó ilé ìwé, ọjà. Iṣẹ́ òòjọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kò ká. Ẹni tó bá fẹ́ fi áàpù yìí nìkan darí ilé, àfi kí gbogbo ará ilé ní fóònù ńlá lọ́wọ́, kí ṣáájì má tán, kí dátà má sì tán. Ilé mélòó ló rí bẹ́ẹ̀ láti Tanke dé Adéwọlé? Ìdí nìyí tí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fi wà nínú àyẹ̀wò yìí pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí áàpù bá já iṣẹ́ sí, bébà ló ń gbà á.

Ọ̀fẹ́ ni áàpù náà. Ó wà fún Android àti iPhone, ó sì ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Ọdún 2017 ni Microsoft gbé e jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti ra Wunderlist, áàpù mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ní 2015. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2020, wọ́n ti Wunderlist pa. Àkáǹtì Microsoft ni wọ́n fi ń wọlé, àmọ́ àdírẹ́sì Gmail tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ tó láti fi ṣí i. Ẹ ríi pé nọ́mbà fóònù tó wà lórí àkáǹtì náà kì í ṣe síìmù tí ẹ máa jù nù lọ́la. Bí wọ́n bá yọ fóònù lápò yín ní Ọjà Ọba, ẹ ó ra òmíràn, ẹ ó wọlé, gbogbo ohun tí ẹ kọ yóò sì ti wà níbẹ̀. Ti àwọ̀ àti àwòrán ẹ̀yìn tí wọ́n kó sínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ yín.

Àtòkọ mẹ́rin ti tó ilé kan: “Ọjà”, “Ilé”, “Owó”, àti ọ̀kan fún àfojúsùn tí ẹ ń lé lọ́wọ́. Àwọn tó bá ṣí mẹ́wàá sí méjìlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í pẹ́ pa á tì, torí wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n kọ “ra ọṣẹ” sí mọ́. Tí ẹ bá tẹ iṣẹ́ kan, ẹ ó rí ohun márùn-ún tó wúlò: ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, “Remind me” tó ń pe yín sí i, “Repeat” tó ń mú un padà wá, “Step” tó ń pín in sí wẹ́wẹ́, àti àyè fún àlàyé. Inú àyè àlàyé yẹn ni kí ẹ kọ nọ́mbà mítà iná sí, kí ẹni tí ẹ bá rán lọ ra tọ́kìn má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pè yín. Òǹkà 20 ni tọ́kìn jẹ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ náà títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ tán, torí àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń sọnù láàárín àtẹ̀jíṣẹ́.

Bí ẹ ṣe kọ ọ̀rọ̀ ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ á ṣe tàbí kò ní ṣe. “Ata” kì í ṣe iṣẹ́. “Ra ata rodo kóńgò 1 àti tàtàṣé ìdajì kóńgò ní ọjà Ìpàtà” ni iṣẹ́, torí ọmọ ọdún mọ́kànlá lè gbé e lọ kó má bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ fi ohun tí ẹnì kan máa ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ (rà, fọ̀, san, pè, gbé), ẹ fi iye tẹ̀ lé e, kí ẹ tó fi ibi tó ti máa rí i parí rẹ̀. “Tún ilé ṣe” lè wà nínú àtòkọ fún oṣù mẹ́ta láìsí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá kọ “pe káfíńtà nípa ilẹ̀kùn bálùwẹ̀” dípò rẹ̀, á tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Gáàsì ni ẹ lè fi dán áàpù yìí wò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tan sìlíńdà 12.5kg tuntun, ẹ kọ ọjọ́ náà sínú àlàyé. Tó bá tán, ẹ ka iye ọjọ́ tó lò. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ má sì fi oṣù Ààwẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, torí oúnjẹ sààrì àti ti ìṣínu kò jọ ti oṣù yòókù. Ká ní ogójì ọjọ́ ló ń lò: ẹ ṣe iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ “Wo ìwọ̀n gáàsì”, ẹ tẹ “Repeat”, ẹ mú “Custom”, ẹ kọ 33, ẹ yan “Days”. Ọjọ́ méje tó kù ni ẹ fi ń wá owó. Lọ́jọ́ tó bá pè yín, ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan sìlíńdà láti òkè wálẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé e. Ibi tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ibi tó bá ṣàdédé tutù, ibẹ̀ ni gáàsì dé. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n lè gbé e lé e: ìwọ̀n sìlíńdà nígbà tó ṣófo wà lára ọrùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà TW. Bí TW bá jẹ́ 15kg tí òṣùwọ̀n sì ka 18kg, kílò mẹ́ta péré ló kù, ẹ tètè máa wá owó.

Ọ̀rọ̀ “Custom” yìí náà ló ń fi ojú ọ̀pọ̀ èèyàn gbolẹ̀ lórí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Àwọn ará gúúsù Kwara tó ń ná irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa ń kọ 5 síbẹ̀, wọ́n á sì dé ọjà bá àtẹ òfìfo. Yorùbá ń ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn; ẹ̀rọ kò kà á. Bí ọjà bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, Ajé ni ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ni èjì, Ọjọ́rú ni ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rin, Ẹtì ni àrún. Ẹtì ni ọjà kàn, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín wọn. 4 ni kí ẹ kọ. Ọjà ìsán, ẹ kọ 8. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe ìpàdé ní ìtàdógún gidi, tí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ 16. Ẹ tún ṣọ́ ohun kan: títí ẹ ó fi tẹ òbírí kékeré tó wà níwájú iṣẹ́ náà láti fi hàn pé ó ti tán, áàpù kì í mú tuntun jáde. Bí ẹ bá ná ọjà tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, ti àná ni ẹ ó máa wò. Bí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá, ẹ yẹ ọjọ́ tuntun tó fi sí i wò kí ẹ tó múra.

Jẹnẹrétọ̀ tún yàtọ̀, torí wákàtí ni wọ́n fi ń ka ìgbà tí ọ́ìlì rẹ̀ tó pààrọ̀, áàpù kò sì mọ wákàtí tó ṣiṣẹ́. Ẹ bá a ṣe ìṣirò. Bí ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá bá ní wákàtí 100, tí ẹ sì ń tan án fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, 33 ọjọ́ ni kí ẹ kọ. Èyí kò kan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Tirẹ̀ ò ní ọ́ìlì tí ẹ máa rọ́ jáde, púlọ́ọ̀gì nìkan ni kí ẹ máa yọ fọ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan áàpù yìí jù ni pé kì í pe èèyàn lásìkò. Lọ́pọ̀ ìgbà, fóònù ló jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ fóònù Android máa ń pa áàpù tó bá dákẹ́ kí bátìrì lè pẹ́, ìránnilétí á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wọ “Settings”, ẹ wọ “Apps”, ẹ wá To Do, ẹ tẹ “Battery”, ẹ yan “Unrestricted”. Orúkọ yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí èkejì. Lórí Android 12 sókè, ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ “Alarms & reminders” sí, kí ẹ gbà á láàyè. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iṣẹ́ kan tó máa pè yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ẹ pa ojú fóònù, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí kò bá dún, ẹ má tíì gbé oògùn ìyá àgbà lé e lọ́wọ́.

Ẹ lè pín àtòkọ kan pẹ̀lú ẹlòmíràn: ẹ tẹ àmì èèyàn tó wà lókè, ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni náà á fi àkáǹtì tirẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà, ohun tí ìyàwó bá kọ nílé, ọkọ á rí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ibi tó ti ń dàrú ni ìgbà tí dátà bá tán. Áàpù ṣì ń ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba ohun tí ẹ kọ, àmọ́ ẹnì kejì kò ní rí i àfi tí dátà bá padà. Bí ọkọ bá ra ẹ̀lùbọ́ kóńgò mẹ́rin tó sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí dátà kò sí, ìyàwó á tún ra mẹ́rin. Pípín ọjà sí méjì ló ń gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀: àtòkọ “Ìpàtà” fún ata àti ẹran lọ́wọ́ ẹnì kan, àtòkọ “Mandate”, orúkọ ọjà mìíràn, fún ìrẹsì àti iṣu lọ́wọ́ ẹnì kejì, kí ohun kan má sì sí nínú méjèèjì.

Wàyí o, bébà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé gan-an, ìyẹn àwọn ọmọ, ìyá àgbà àti ẹni tó ń bá yín gbé, ọ̀pọ̀ wọn kò ní fóònù tó lè gbé áàpù. Ewé méjì láti inú ìwé ilé ìwé, sẹ́lótéèpù, bírò kan tí wọ́n fi òwú so mọ́ ìṣó: ohun èlò rẹ̀ tán. Ẹ pín ewé náà sí òpó mẹ́ta: iṣẹ́, ẹni tó ni ín, àyè tó máa fàlà sí. Iṣẹ́ méje kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrun ni kí ẹ fi dá àkókò, ẹ fi aago sílẹ̀. “Pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kí wọ́n tó pe Àsáárì” yé gbogbo ọmọ Ìlọrin. “Aago 3:40” kò yé ọmọ tí kò ní aago. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níta, torí ooru ìkòkò máa ń mú kí bébà rọ̀, sẹ́lótéèpù á sì ṣí láàárín ọjọ́ méjì. Bírò lásán ni kí ẹ lò. Yíǹkì olómi máa ń ṣàn. Àmọ́ bó bá jẹ́ agbo ilé ni ẹ ń gbé, ẹ má kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà síbẹ̀. Kí ẹ tó dé ọjà, gbogbo agbo ilé á ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ ra àgbò.

Ẹni tó ń gbé iṣẹ́ láti áàpù sórí bébà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, lálẹ́, kó tó sùn. Bí ó bá di ẹni méjì, iṣẹ́ á wà níbi méjì, ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣe é.

Fún àfojúsùn, áàpù yìí dára ju bébà lọ, bí ẹ bá lè fọ́ àfojúsùn náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ mú ẹni tó fẹ́ há Juzu Amma, ìpín tó kẹ́yìn nínú Kùránì. Súrà 37 ni, áyà 564. Áyà mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, kí ọjọ́ keje jẹ́ ti àtúnkà: áyà 18 lọ́sẹ̀, á parí ní ọ̀sẹ̀ 32. Iṣẹ́ tó máa wà nínú áàpù ni “Há áyà 3, kà á fún ẹnì kan”, kó máa padà wá lọ́jọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn. Bákan náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ: bí owó rẹ̀ bá jẹ́ ₦120,000, ₦5,000 ni lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, kó sì pè yín lọ́jọ́ tí alájọ ń bọ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tó wu áàpù. Ọmọ tó ń múra JAMB kò gbọ́dọ̀ kọ “kàwé”. Kó kọ “ìbéèrè Kẹ́mísírì 20, kí n máàkì rẹ̀”.

“My Day” ni ojú ewé tí ẹ ó máa ṣí láràárọ̀. Láàárín òru ló ń ṣófo, ohun tí ẹ kò ṣe á padà sínú àtòkọ rẹ̀, ẹ ó sì tún un yàn lọ́wọ́ ara yín. Àwọn kan ń bú u nítorí èyí. Ní tiwa, ohun tó dára jù nínú áàpù náà nìyẹn, torí ó ń mú kí ẹ tún rò ó bóyá iṣẹ́ náà ṣì pọn dandan. Márùn-ún ni kí ẹ kó síbẹ̀. Iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá máa ń pọ́n ní “Planned”. Tí pípọ́n bá ti ju mẹ́wàá lọ, ẹ jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ẹ pa èyí tí kò ní ṣẹ rẹ́, ẹ sún ìyókù síwájú.

Nínú 5, a fún áàpù ní 3½. Bébà, 4, àyọkúrò rẹ̀ ni pé kò lè rántí gáàsì.

Bí ẹni tí ẹ bá pín àtòkọ pọ̀ bá kó kúrò nílé, ẹ padà sí àmì èèyàn yẹn, ẹ yọ orúkọ rẹ̀, ẹ sì dá líǹkì náà dúró. Líǹkì tó wà lórí WhatsApp rẹ̀ ṣì lè mú un wọlé bí ẹ kò bá dá a dúró, nọ́mbà mítà yín sì wà nínú rẹ̀.