Maikirosíkóòpù tí mo fi rí ọmọ ewéko òkun tó ń sáré lọ bá ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi lọ́jọ́ tí maikirosíkóòpù yìí dé, 70 pọ́n-ùn ni mo rà á, lẹ́ǹsì 40 ẹ̀ (èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 40) ti já sínú páálí, àwọn tó tà á ò sì dáhùn méèlì mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Èmi fúnra mi ni mo dè é padà. Àmọ́ ohun tí mo rí ní Sátidé ò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Brighton, létí òkun ní England, la wà. Tí òkun bá fà sẹ́yìn, ẹ máa rí ewéko kan lára òkúta, ó fẹ́lẹ́ bíi náílọ́ọ̀nù, Ulva lorúkọ ẹ̀. Èyí tó bá ti gbó, etí ẹ̀ á ti yí àwọ̀ padà, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó fi ń bímọ wà. Mo já bíi mélòó kan, mo wé e sínú tíṣù, mo gbé e sí fíríìjì mọ́jú, láàárọ̀ mo dà á sínú abọ́ funfun pẹ̀lú omi òkun, mo gbé e sétí wíńdò. Kò pẹ́ rárá tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn fi jáde, wọ́n kóra jọ bí ìlà aláwọ̀ ewé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tó kọjú sí wíńdò. Mo yí abọ́ yẹn po, ìlà náà tún rìn padà síbi ìmọ́lẹ̀! Ọmọ mi pariwo, "Mọ́mì, wọ́n ń rìn o!"

Mo kán an sábẹ́ lẹ́ǹsì 40, áà, wọ́n pọ̀ bí eṣú, ìrù méjì-méjì ni wọ́n ń jù, wọ́n ní ojú pupa tíntín kan tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Òkè omi ni wọ́n ti ń pàdé ara wọn, tí méjì bá ti so pọ̀, wọ́n á kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wálẹ̀ lọ wá òkúta tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́. Àwọn tí mo kó lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ibi tó ṣókùnkùn ni wọ́n sá lọ látìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé mo ti bà wọ́n jẹ́ ni, àṣé oníìrù mẹ́rin ni wọ́n, tiwọn ò gba kí wọ́n wá ẹnì kejì, òkúta nìkan ni wọ́n ń wá.

Ibi tí mo ti ń bá maikirosíkóòpù yìí jà ni gílóòbù ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti ń tàn, ó funfun, kò ṣeé dín kù, bí mo bá ṣe tàn án báyìí gbogbo wọn á ti sáré lọ bá a nísàlẹ̀. Mo wá fi náílọ́ọ̀nù pupa bo gílóòbù yẹn, torí ìmọ́lẹ̀ pupa ò fà wọ́n, aláwọ̀ búlúù ló ń fà wọ́n, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, bí gbogbo wọn ṣe dojú kọ tọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Irin ẹ̀ lágbára, lẹ́ǹsì 10 mọ́ kedere, 100 ò wúlò fún mi. Mo fún un ní 4 nínú 5. Ẹ tètè wá náílọ́ọ̀nù pupa yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á.