Ẹ Yí I Padà Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Ríra Iṣẹ́ Ọnà n'Íbàdàn

Ìṣó mẹ́ta ni kápẹ́ńtà kàn mọ́ ògiri pálọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. Owó tó ti bá ohun tí mo fi kọ́ wọn lọ lé ní ₦300,000. Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe olówó, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára débi tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra àwòrán tàbí àdìrẹ tí ọwọ́ èèyàn ṣe ní ìlú yìí, kó gbọ́ tèmi ná.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ring Road, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ń ta férémù, wọ́n ń ta dígí, wọ́n ń ta aago ara ògiri, àwòrán sì kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọ̀kan wọ̀ mí lójú: Ọjà'ba, àwọn obìnrin tó ru igbá, òrùlé páànù tó ti dípẹtà, Gbọ̀ngàn Mápó lókè téńté. Mo ní ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Ọmọ tó ń tajà ní, "Aǹtí, ẹ fọwọ́ kàn án wò." Mo fọwọ́ kàn án. Ó rí gbágungbàgun lábẹ́ ìka mi, bí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti kọjá. Ó pe ₦80,000, mo ná an dé ₦65,000, mo ń rẹ́rìn-ín délé pé mo mọ ọjà á ná.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá kí wa. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọléèwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn ò tíì mu omi tí mo gbé fún wọn tí wọ́n ti dìde sí àwòrán yẹn, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n da ojú rẹ̀ dé.

"Ìyàwó, ta ló ta èyí fún ọ?"

Àyà mi já. Ẹ̀yìn kánfáàsì, aṣọ tí àwòrán náà wà lójú rẹ̀, funfun báláú. Ọ̀dà ò kán sí i níbì kankan, kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́. Létí ibi tí wọ́n ti ká a mọ́ igi, àmì kéékèèké onígun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù, pupa àti yẹ́lò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, irú èyí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń fi yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ní kí n mú gíláàsì tí ìyá ọkọ mi fi ń ka Bíbélì wá. Mo fi wo ojú ọ̀run inú àwòrán náà, àmì tín-tìn-tín tín-tìn-tín ni gbogbo rẹ̀, bí àwòrán inú ìwé ìròyìn. Gbágungbàgun tí mo fọwọ́ kàn ńkọ́? Gọ́ọ̀mù tí kò ní àwọ̀ ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn lé e lórí. Ipa búrọ́ọ̀ṣì náà bẹ̀rẹ̀ láti orí gèlè obìnrin kan, ó la ojú ọ̀run kọjá, ó balẹ̀ sórí òrùlé, bí ẹni pé kò rí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ta ni í fi ìwọ́ búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ya gèlè àti òfúrufú? Ìbuwọ́lùwé pàápàá, abẹ́ gọ́ọ̀mù ló wà.

Mo gbé e padà. Ọmọkùnrin yẹn gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi, ó kà á sí mi létí: "Férémù 1, ₦65,000." Ó ní férémù ni mo rà, férémù ni wọ́n sì tà fún mi. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Èmi ni mi ò ka ohun tó kọ. Nígbà tó yá mo rí ìkejì àwòrán náà nínú yàrá tí a ti ń dúró de dókítà ní Akóbọ̀, obìnrin náà nìyẹn, igbá náà nìyẹn. Bí n bá ní kí n fún ṣọ́ọ̀bù náà ní máàkì, ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún ni, nítorí pé férémù rẹ̀ dára lóòótọ́.

Kí n má ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ o. Àwòrán títẹ̀ kì í ṣe jìbìtì fúnra rẹ̀. Bruce Onobrakpeya, tí wọ́n bí ní 1932, títẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ayàwòrán bẹ́ẹ̀ ló ń gbẹ́ ojú àwo, tó ń fi yíǹkì sí i, tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ óò rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sísàlẹ̀, bíi 7/50, pé ìkeje nínú àádọ́ta ni, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo rà kò ní nọ́ńbà. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wò láìra ohunkóhun. Mo lọ sí Museum of Unity ní Aléṣinlóyè, mo lọ sí Institute of African Studies ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI), mo yà sí ìpàtẹ èyíkéyìí tí mo bá gbọ́. Wíwò ò gba owó lọ títí. Ìlú tí wọ́n dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, sílẹ̀ sí ní 1961 kúkú ni a wà, ibi tí àwọn ayàwòrán bíi Uche Okeke àti Demas Nwoko ti fi iṣẹ́ hàn, tí Jacob Lawrence tí òun náà jẹ́ ayàwòrán gbé tiẹ̀ láti Amẹ́ríkà wá ní 1962. Ó ń ya mí lẹ́nu pé ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbé níbí kí n tó fẹsẹ̀ mi rìn dé ibi tí wọ́n ti ń yàwòrán.

Ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan ní Sámọ́ńdà ni mo wá já sí, kò jìnnà sí ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti Dominican tí Nwoko yàwòrán kíkọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí n tó mẹ́nu ba owó. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ju ohun tí mo rà lọ. Gbogbo àwòrán tó ti yà láti bí ọdún mẹ́wàá ló kó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo sì ń yí wọn padà níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn wọn dọ̀tí! Ọ̀dà ti là á já níbì kan, ó ti fi ìka nu ọwọ́ sí ibòmíràn, ó kọ àkọlé, ó kọ ọdún, ó tún pa àkọlé ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Mo rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí mo lè tọpa iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, ọkàn mi balẹ̀ láti gbé owó mi fún un.

Èyí tí mo fẹ́ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 60 sí 75, ọ̀dà tí wọ́n fi epo pò ló fi yà á. Ó pe ₦180,000. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo ní kó gbà á ní ₦90,000. Kò bínú. Ó ní, "Mọ̀mí, bí mo bá ta á fún yín ní àádọ́rùn-ún, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó ra irú ìwọ̀n yìí ní ọgọ́sàn-án lóṣù tó kọjá? Ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí àwòrán ṣe tóbi sí ni ó fi ń dá owó lé e, mo sì rí i pé owó tó pe fún mi náà ló wà lára àwọn tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Ẹlòmíràn, bí ẹ bá ti yíjú padà bí ẹni ń lọ, á gé owó sí méjì. Owó iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ á já wálẹ̀ lọ́la bẹ́ẹ̀ náà bí ẹ bá fẹ́ tún un tà. Ìgbà mẹ́ta ni mo fi san án, ₦60,000 lóṣooṣù.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tó wá ṣeré níbẹ̀ ní kí n kúkú ra méjì, pé "Tutu" tí Ben Enwonwu yà ní 1974 ni wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018 ní owó tó ju mílíọ̀nù pọ́ùn kan lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Enwonwu ti kú láti 1994, inú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwòrán náà sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn tó ni ín kò mọ iye tó jẹ́. Èmi ń wá ohun tí máa máa wò tí mo bá ti iléèwé dé. Ẹni tó ń wá èrè, kó lọ ra ilẹ̀ sí Mọ́níyà.

Ìwé tó fún mi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí. Ó kọ orúkọ rẹ̀, àkọlé, ìwọ̀n, irú ọ̀dà, ọdún àti iye tí mo san, ó lẹ fọ́tò àwòrán náà mọ́ ọn, ó sì buwọ́ lù ú. Inú fáìlì tí ìwé ilẹ̀ wa wà ló wà. Ó tún sọ fún mi pé òun lè tẹ àwòrán náà sórí káàdì. Mo fárí gá: ṣebí mo ti rà á? Ó ní kánfáàsì ni mo rà, ẹ̀tọ́ àtidà á kọ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á, àfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti gbé e fún mi. Mo lọ bi lọ́yà kan, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Mo gbà, ṣùgbọ́n kò tíì dùn mọ́ mi dénú.

Àbùkù rẹ̀: ó pẹ́ ju ọjọ́ tó dá lọ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì fi nylon wé e wá nígbà tí ọ̀dà kò tíì gbẹ dénú, nylon lẹ̀ mọ́ igun kan. Ọ̀dà elépo lè dà bí èyí tó gbẹ lójú, kí inú rẹ̀ ṣì tutù fún oṣù púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ wá tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, ó tún padà wá nígbà tó pé oṣù méje láti fi fáníìṣì sí i. Ìràwọ̀ mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ ti ère ìbejì ò pẹ́ rárá. Ọkùnrin kan gbé e wá bá mi, ó ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kan wà tó ń ri ère tuntun mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń gbé e sókè ààrò, kó lè dúdú bí ohun àtijọ́. Bó bá sì jẹ́ àtijọ́ lóòótọ́, òfin 1979 tó dá NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn máa ta irú rẹ̀ kiri. Bí ó jẹ́ òótọ́, ọ̀ràn ni. Bí ó jẹ́ irọ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo fún un lómi mu, ó lọ. Àjọ yẹn náà lẹ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ọnà jáde nílẹ̀ yìí, tuntun ni o, àtijọ́ ni o.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fi kádìí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pe ọnà rẹ̀ ní Ìbàdàndùn, ₦40,000 lọ́wọ́ ìyá àgbà aláró kan. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 wà nínú ọnà rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín wọn. Ìyá náà fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ gbágùúdá sójú aṣọ níṣojú mi, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ láìwo ọwọ́ wọn. Mo bi wọ́n bí mo ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́. Wọ́n ní, "Yí i padà, ọmọ mi." Ojú kan ni wọ́n ń ya ẹ̀kọ sí, aró á mu ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ọnà náà á sì ṣókùnkùn níbẹ̀. Ti ẹ̀rọ, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń ṣì ju ti ojú rẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe sí àwòrán ọjọ́sí náà nìyẹn. Ìràwọ̀ márùn-ún, mo sì máa padà lọ.

Ẹni tó bá mi kọ́ ọ sínú férémù ni n kò ní padà sí. Ó fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páákó, mo kígbe. Ó wá gbé dígí lé aṣọ náà lójú láìfi àyè sílẹ̀. Òjò oṣù Keje dé, ọ̀rinrin mú un, àbàwọ́n funfun yọ lára rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì tó bu. Mo ní kó tú u, kó rán an mọ́ aṣọ funfun, kó sì fi igi tín-ín-rín ya dígí kúrò lára rẹ̀. Ó tún gba ₦8,000 lé e. Ìràwọ̀ méjì. Ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ò dé ni mo gbé e sí báyìí, kí aró má baà ṣì.

Ìṣó kìíní ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ mi ti ń fi fìlà kọ́ ọ.