Àtẹ ìdílé della Scala ti Verona tí mo rà: wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ Alboino

Àtẹ ìran ìdílé tó ṣàkóso ìlú Verona ní Ítálì láyé àtijọ́ ni. Bébà rẹ̀ nípọn, ìwé rẹ̀ hàn kedere, àmì àkàsọ̀ funfun ìdílé náà sì wà lókè. Ìyẹn ti tó. Ìlà pupa kan ló mú mi kọ èyí.

Mo tẹ́ àtẹ náà sórí tábìlì, mo ń fi ìka tọ ìran náà bọ̀ láti òkè. Mastino Kìíní tí wọ́n pa ní 1277. Àbúrò rẹ̀ Alberto, tó ṣàkóso Verona títí di 1301. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀: Bartolomeo, Alboino, Cangrande. Abẹ́ Cangrande ni inú ti bí mi. Ìlà pupa gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Alberto Kejì àti Mastino Kejì! Alboino tó bí wọn wá dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, láìsí orúkọ kankan nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó yàgàn kú.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe àṣìṣe kékeré. Giovanna ti Antioch, ìyàwó Cangrande, kò bímọ fún un. Àwọn ọmọ tó bí síta kò lè gorí àléfà. Nígbà tó kú ní Treviso ní 1329, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jogún Verona. Ọ̀pọ̀ nínú ìjà ilé náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, àárín àwọn àtọmọdọ́mọ Alboino ló ti ṣẹlẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tà á fún mi. Ọmọkùnrin tó dáhùn ní kọ̀ǹpútà ló ya ìlà náà, kò lè ṣì í. Mo fi àwòrán ránṣẹ́. Ó ní kí n dá ọjà padà, wọn á dá owó mi padà. Mo ní owó kọ́ ni mo ń bi í. Ó tún fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà, àmì ìdánudúró kan ò yí padà.

Ìgbà tó yá ni ìyá àgbàlagbà kan láti ilé iṣẹ́ náà pè mí. Wọn ò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n ní kí n mú sùúrù, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé. Lẹ́yìn náà wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, Alboino ló lọmọ. Ni ọ̀rọ̀ bá dùn! A sọ ti Cansignorio, ọmọ Mastino Kejì, tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Cangrande Kejì ní 1359, tó sì tún ní kí wọ́n pa àbúrò rẹ̀ Paolo Alboino ní 1375, nígbà tí ikú ti dé bá òun náà, kí àwọn ọmọ àlè tirẹ̀ lè rí ìlú jẹ. Ìyá yìí ló rán mi létí Regina, arábìnrin wọn tó fẹ́ Bernabò Visconti, olórí ìlú Milan. Ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́ síbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá rẹ̀, orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà sì ni La Scala, gbọ̀ngàn opera tí wọ́n ṣí ní 1778, wà.

Wọ́n fi àtẹ tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Alboino ti gba ọmọ rẹ̀, Regina náà ti wọlé. Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ibi tí wọ́n ti ń tajà báyìí, èyí tó ní àṣìṣe yẹn ni wọ́n ṣì ń tà fún àwọn ẹlòmíì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.