Àyẹ̀wò ìpara oníṣẹ́-mẹ́ta tí wọ́n ń tà fún làpálàpá

Ó ṣòro kí ènìyàn wọ ilé ìtajà oògùn ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó kí ó má rí ìpara oníṣẹ́-mẹ́ta lórí pẹpẹ wọn. Orúkọ ara páálí lè yàtọ̀, àwọ̀ páálí náà lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: clotrimazole tí ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà, gentamicin tàbí neomycin tí ń pa bakitéríà, àti betamethasone tàbí clobetasol, tí wọ́n jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù alágbára tí ń pẹ̀tù sí wíwú àti yíyún. Ìpara yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, nítorí pé àdàlù náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, kì í ṣe ẹni tí ó pò ó.

Èyí tí mo rà wà nínú páálí kékeré, gíráàmù 30 sì ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹnu túùbù náà ṣì dí pa nígbà tí mo ṣí i. Ṣóńṣó tí ó wà lórí ìdérí ni wọ́n ní kí a fi lu ú. Ìpara náà funfun, kò ní òórùn kan lọ títí, ó ń tètè wọra, kò sì kó àbàwọ́n bá aṣọ. Owó rẹ̀ náà kò ga ju ohun tí òṣìṣẹ́ lásán lè san. Ìwé pélébé tí wọ́n ká sínú páálí ni kò dára rárá: lẹ́tà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti yà á ní fọ́tò kí n sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí n tó lè kà á, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí pé kí ènìyàn má ṣe lò ó láìjẹ́ pé dókítà ni ó kọ ọ́ fún un. Ọmọbìnrin tí ó tà á fún mi kò béèrè ìwé dókítà. Mo ní làpálàpá ńkọ́, ó sì dáhùn pé, “Ẹ máa fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, Àǹtí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹ ò ní rí i mọ́.”

Kò parọ́ pátápátá. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ń fa làpálàpá jẹ́ ìran kan náà pẹ̀lú ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu, kẹ́rátìnì tí ó wà ní òkè awọ, nínú irun àti nínú èékánná sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ojú tí ń pọ́n àti yíyún tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ara tí ó ń bá a jà ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù ni láti pẹ̀tù sí ìjà náà. Ojú ibẹ̀ á rọ̀, yíyún á dáwọ́ dúró, ẹni tí ó fi í pa ara á sì gbà pé ara òun ti yá, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ni oorun gbé lọ, olè ṣì wà nínú ilé.

Mo ti rí ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e lára ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, òrùka kan ṣoṣo ni ó wà ní itan rẹ̀, etí òrùka náà ga díẹ̀, ó ní ìpẹ́, àárín rẹ̀ sì mọ́, irú èyí tí ìyá arúgbó kankan á wò lẹ́ẹ̀kan tí á sì pè é ní làpálàpá. Lẹ́yìn ìpara oníṣẹ́-mẹ́ta, etí òrùka náà pòórá, ìpẹ́ rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n egbò wẹ́wẹ́ pupa tàn láti itan dé ìdí, awọ ibẹ̀ ń dán, ó fẹ́lẹ́, ìlà sì ti ń yọ níbẹ̀ bí èyí tí ń yọ ní ikùn aláboyún. “Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni,” ni ìyá rẹ̀ ń wí ṣáá. Tinea incognito ni àwọn dókítà awọ ara ń pe irú rẹ̀, ìyẹn làpálàpá tí ìrísí rẹ̀ ti yí padà débi pé àwọn tí ó mọṣẹ́ pàápàá lè ṣì í pè ní àìsàn mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ pé orí ara ẹnì kan ni ọ̀rọ̀ náà parí sí ni, bóyá ǹ bá kàn kọ ọ́ pé ìpara náà kò wúlò, kí n sì fi í sílẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà awọ ara níbẹ̀ ti ń rí i láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn pé làpálàpá kò gbọ́ oògùn mọ́ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀: ó ń bo ìdí, ikùn àti ojú, ó ń ran gbogbo ará ilé, terbinafine, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọba lórí rẹ̀, kò sì rí i ṣe. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Japan fún fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ, Trichophyton indotineae, lẹ́yìn tí wọ́n rí i lára àwọn aláìsàn tí wọ́n wá láti Nepal àti Íńdíà. Ooru, òógùn, aṣọ tí ó fún mọ́ra àti ilé tí èrò pọ̀ sí ní ipa tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ ló ń nawọ́ sí àdàlù alásítẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà, èyí tí terbinafine gan-an wà nínú òmíràn nínú wọn. Nígbà tí ìjọba Íńdíà fòfin de àdàlù oògùn 328 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, irú ìpara bẹ́ẹ̀ wà lára wọn.

Ìpara náà kọ́ ni ó ń yí fọ́ńgọ́ọ̀sì padà, ó yẹ kí a sọ ìyẹn kí a má bàa purọ́ mọ́ ọn. Ergosterol ni ọ̀rá tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń ṣe ìgbátí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, terbinafine sì máa ń dí ọwọ́ ẹ́ńsáìmù kan, squalene epoxidase, tí ó ń lò láti ṣe ọ̀rá náà. Ìyípadà bíńtín nínú jíìnì ẹ́ńsáìmù yìí ti tó kí terbinafine má rí ibi dì í mú mọ́. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ìpara oníṣẹ́-mẹ́ta ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì pọ̀ sí i lára ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ mọ́, ó ń fún un láyè láti ran ẹlòmíràn, oògùn díẹ̀ tí kò tó láti pa á sì ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Èyí tí ó bá lè fara dà á ni yóò ṣẹ́kù.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, CDC, àjọ tí ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, kéde àwọn aláìsàn méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí Trichophyton indotineae lára wọn ní orílẹ̀-èdè wọn, ní New York ni àwọn méjèèjì. Èkíní jẹ́ ẹni ọdún 28 tí kò rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi gbé terbinafine mì kò mú ìyàtọ̀ kankan wá, oògùn mìíràn, itraconazole, ni ó gbà á sílẹ̀. Èkejì jẹ́ ẹni ọdún 47 tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti fún un ní ìpara tí wọ́n da oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ti ní irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìdílé tí tọ́wẹ́ẹ̀lì kan ń yí gbogbo ilé ká kò ní béèrè bí ó ṣe ń ràn.

Àwọn kan á ní làpálàpá kì í pani, òótọ́ ni. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé rẹ̀ lórí fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ó léwu jù jáde ní ọdún 2022, 19 ni ó kà, làpálàpá kò sì sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Candida auris wà ní ìsọ̀rí àwọn tí ó burú jù lọ níbẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Japan ní ọdún 2009 láti inú etí obìnrin kan, ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ sí ọsibítù, nǹkan bí 90 nínú 100 èyí tí wọ́n ń rí ní Amẹ́ríkà ni kò sì gbọ́ oògùn fluconazole mọ́. Ní ọdún 2022, ikọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Oladele ti Yunifásítì Èkó wà nínú rẹ̀ jábọ̀ pé ó ti dé Nàìjíríà. Clotrimazole inú túùbù wa yìí àti fluconazole, ọmọ ìdílé kan náà ni wọ́n. Ìdílé oògùn tí a sì ní fún fọ́ńgọ́ọ̀sì kò pọ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jọ tiwa ju ti bakitéríà lọ, èyí tí ó mú kí ó nira láti pa á láìpa wá lára. Nínú ìjábọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, oògùn tuntun 4 péré ni wọ́n ní àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Yúróòpù tàbí Ṣáínà ti fọwọ́ sí láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ìdájọ́ mi nìyí. Bí ó bá jẹ́ awọ tí ó wú, tí ó ń yún, tí dókítà sì ti rí i pé bakitéríà àti fọ́ńgọ́ọ̀sì jọ wà níbẹ̀, ìpara oníṣẹ́-mẹ́ta lè wúlò fún ọjọ́ díẹ̀, mi ò sì ní já máàkì rẹ̀ gbà níbẹ̀. Fún làpálàpá, mi ò lè fún un ju 1 nínú 5 lọ, nítorí ẹwà túùbù àti owó pọ́ọ́kú rẹ̀ nìkan. Clotrimazole tí kò ní sítẹ́rọ́ọ̀dù wà lórí pẹpẹ kan náà, kò tilẹ̀ tó o lówó. Kì í mú yíyún lọ ní ọjọ́ kan, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sá fún un, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi pa ojú ibẹ̀ títí kan awọ tí ó yí i ká, tí a kò sì dáwọ́ dúró títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ó bá ti mọ́, ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ti orí ọmọdé yàtọ̀: ìpara kankan kò lè dé ìdí irun, oògùn mímu ni dókítà yóò kọ fún un.

Ẹni tí ó bá ti ń lo ìpara oníṣẹ́-mẹ́ta fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bí ojú ibẹ̀ bá ru lẹ́yìn tí ó dáwọ́ dúró. Kí ó mú páálí rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, kí ó sì sọ ọjọ́ tí ó fi í pa ara gbẹ̀yìn, nítorí ìpẹ́ ni wọ́n máa họ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, clotrimazole tí ó ṣì wà lórí awọ sì lè mú kí àyẹ̀wò náà sọ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kò sí níbi tí ó wà.