Iná AFS àbí Iná Mátíríìsì: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Tòkunbọ̀

Ẹni tó bá ń wá tòkunbọ̀ tó mọ́jú díẹ̀ lóde òní, bó pẹ́ bó yá, oníkáà á sọ fún un pé iná iwájú ọkọ̀ náà "gbọ́n". Kì í sábà ṣàlàyé irú ọgbọ́n tó gbọ́n. Ọgbọ́n méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò jọra, owó tí wọ́n sì máa gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá bàjẹ́ ò tilẹ̀ sún mọ́ra.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí Lexus àti Toyota ń kọ AFS sí lára bọ́tìnnì rẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń yí sítíárìn ni ojú iná ń yí, nǹkan bíi dígírì 15, kí ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú kọ́nà kí imú ọkọ̀ tó débẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Citroën DS ti ń ṣe irú ẹ̀ láti 1967, okùn irin ni wọ́n fi so iná mọ́ sítíárìn nígbà yẹn. Lóde òní, ẹ́ńjìnnì kékeré ló ń yí i, sẹ́ńsọ̀ tó wà nídìí ṣọ́ọ̀kì á sì máa sọ fún un bí ẹrù bá ti tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀, kí iná má baà gbójú sókè ta sójú ẹni tó ń bọ̀. Lára Lexus RX 330 ọdún 2004 ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí i.

Ìkejì ni mátíríìsì. Fúùlù, ìyẹn iná ńlá tó ń tàn jìnnà, ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Audi A8 ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2013, LED 25, ìyẹn àwọn iná wínníwínní, ló wà nínú fúùlù ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Mercedes E-Class ọdún 2016 máa fi dé, ó ti di 84 nínú iná kan. Kámẹ́rà kan wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú tó ń wo ọ̀nà. Tó bá rí iná ọkọ̀ mìíràn, á pa ìwọ̀nba LED tó dojú kọ ọkọ̀ yẹn, á fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀yin á máa rí ọ̀tún rí òsì bí ọ̀sán, ẹni tó ń bọ̀ ò sì ní mọ̀ pé fúùlù lẹ tàn.

Ẹ jẹ́ n yọ ẹ̀tàn méjì kúrò ná. Ọkọ̀ tó máa ń pa fúùlù fúnra rẹ̀ tó tún ń tàn án padà kì í ṣe mátíríìsì, torí gbogbo fúùlù ló ń pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gílóòbù funfun tí àwọn ọmọ ń rà fi sínú ilé iná halogen kì í ṣe ọgbọ́n kankan, ó kàn ń fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú ni.

Ní ti ríríran lóru, mi ò ní parọ́: mátíríìsì ló lọ̀gá. Ẹni tó bá ti wà á lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Títì tóóró, kò sí òpó iná, tírélà ń tẹ̀lé tírélà. Pẹ̀lú iná lásán, dímù lẹ máa fi rìn ín já, torí bẹ́ ẹ bá dán fúùlù wò, onítírélà á fi tiẹ̀ gbẹ̀san lójú ẹsẹ̀. Mátíríìsì á gbẹ́ òkùnkùn bo ojú tírélà yẹn, òkùnkùn náà á máa bá a bọ̀ títí á fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ṣì ń rí etí títì kedere: koríko, kòtò, àti ewé tútù tí awakọ̀ kan já sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ pé ọkọ̀ òun kú síwájú. Kò sí ẹni tó rí ewé yẹn lásìkò tí kò ní dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n iná ni kámẹ́rà ọ̀hún ń wá kiri, ọkọ̀ tiwa ò sì pé níná. Ọlọ́kadà tí iná rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, kámẹ́rà ò mọ̀ pé ó wà láyé. Ojú ni yóò fi gba gbogbo fúùlù náà. Ẹ̀yin á rí i o, òun ni ò ní ríran mọ́.

AFS ò ní àrà tó bẹ́ẹ̀. Kọ́nà ni tirẹ̀. Láti Èrìn-Ìjẹ̀ṣà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí òkè àti kọ́nà ti ń gba ọ̀nà lọ́wọ́ ara wọn, iná lásán á máa tàn sínú igbó nígbà tí títì ti yà síbòmíràn. AFS á ti wo ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ mátíríìsì náà ń yí nínú kọ́nà, nítorí náà AFS ò lè fi èyí yangàn.

Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Mátíríìsì kì í tiẹ̀ jí àfi tí eré bá ti pọ̀ díẹ̀ tí ìlú sì ti ṣókùnkùn. Ní ti ẹwà, mátíríìsì. Ní ti bátìrì, ẹ má da ara yín láàmú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ọjọ́ tí iná náà bá ṣàìsàn.

Mo ti lo mátíríìsì. Ọkọ̀ ará Yúróòpù ni, n ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é. Nígbà òjò ni inú iná apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìkùukùu díẹ̀ ni níbẹ̀rẹ̀, oòrùn ọ̀sán á gbé e lọ. Nígbà tó yá, omi gúnlẹ̀ sísàlẹ̀ iná náà, ẹ sì lè rí i tó ń mì tí ọkọ̀ bá wọ gálọ́ọ̀pù. Fúùlù ẹ̀gbẹ́ yẹn kú. Dáṣíbọ́ọ̀dù gbé ìkìlọ̀ sókè, kò sì gbé e sọ̀ mọ́.

Rìwáyà mi, ẹni tí mo ti ń bá ṣe tipẹ́, fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò yípo. Ó ní, "Ọ̀gá, kò síbi tí mo fẹ́ gbà wọlé." Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Iná yìí ò ní gílóòbù tí wọ́n ń yọ. LED àti pátákó wáyà rẹ̀ wà nínú ilé kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa láti iléeṣẹ́. Ẹni tó bá fi iná gbóná tú u, bó ṣe máa dì í padà tí omi ò fi ní wọlé mọ́ ló ṣòro. A gbé e lọ fún ẹnì kan tó ní òun mọ̀ ọ́n tú. Ó tú u. Lẹ́yìn òjò mélòó kan, omi padà.

Ló bá di Ladipo, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù náà gbé méjèèjì jáde nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n mọ́ tónítóní. Mo ní apá ọ̀tún nìkan ni mo fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá mi, n kì í tú wọn ká. Kẹ́ ẹ kó o ní méjì." Owó tó pè kọjá ohun tí wọ́n ń ta odidi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ọkọ̀ yẹn. A nájà, a nájà, ó sọ ọ́ kalẹ̀ dé ibi tó ṣì dùn mí.

A dè é. Dímù tàn. Mátíríìsì ò tàn. Ibí yìí ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í dé nínú àlàyé wọn: iná tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ gba kọ̀ǹpútà kọjá kí brain box ọkọ̀ yín tó gbà pé ọmọ ilé ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé laptop dání ló lè ṣe é, ọkọ̀ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àfi kó bá kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ṣe é sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo sanwó fún ẹnì kan, iná jí díẹ̀, ìkìlọ̀ ò lọ. Ẹlòmíràn ní kámẹ́rà ni. Wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì iwájú kí ọkọ̀ náà tó dé ọwọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó tún ojú kámẹ́rà ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Mátíríìsì mi ò padà gbọ́n mọ́. Nígbà tí mo fi ta ọkọ̀ náà, iná lásán olówó ńlá ni mò ń wà kiri.

Ẹ wá wo AFS. Jíìpù tí mò ń lò báyìí náà ṣàìsàn iná. Iná AFS OFF lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú. (Tó bá tàn láìṣẹ́jú, ẹnì kan ló tẹ bọ́tìnnì; tó bá ń ṣẹ́jú, nǹkan ti bàjẹ́.) Rìwáyà kan náà yẹn sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó sì fa sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn jáde: ike dúdú tí kò kún àtẹ́lẹwọ́, apá irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ti dípẹtà, ó ti kán. Ẹrẹ̀ àti gálọ́ọ̀pù ló máa ń pa irú wọn. A rí òmíràn rà ní Àgódi Gate n'Íbàdàn, ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó ní kí n kó méjì. Ọjọ́ kan náà ló parí. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣàìsàn, iná kò kú. Ó kàn kọ̀ láti yí ni.

Kì í ṣe pé AFS ò ní wàhálà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń lo gílóòbù xenon, D2S tàbí D4S, wọn ò sì ṣe é fi rọ́pò ara wọn, nítorí náà ẹ ka ohun tó wà lára ti àtijọ́ kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Tó bá ti ń pọ́n tàbí tó ń ṣe bí àlùkò, ó ń lọ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀ kí àwọ̀ wọn lè dọ́gba. Bálásì, àpótí kékeré tó ń gbé iná fún xenon, náà ń kú. Ṣùgbọ́n gílóòbù lọ́tọ̀, bálásì lọ́tọ̀, sẹ́ńsọ̀ lọ́tọ̀: èyí tó bá kú lẹ máa sin.

Ibi tí ọkọ̀ ti wá náà ṣe pàtàkì. Òfin Amẹ́ríkà ò gba mátíríìsì láyè títí di oṣù Kejì ọdún 2022. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà yẹn, bó ti wù kí LED rẹ̀ pọ̀ tó, kì í gbẹ́ òkùnkùn kankan bo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe jáde ní iléeṣẹ́. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí Èkó sì rèé, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Ẹ wo ara gíláàsì iná: tẹ́ ẹ bá rí DOT tàbí SAE nìkan, ti Amẹ́ríkà ni, tẹ́ ẹ bá rí E àti nọ́ńbà nínú òbìrí kékeré, ti Yúróòpù ni. AFS ò ní irú ìṣòro yìí, ti Amẹ́ríkà ń yí, ti Yúróòpù ń yí.

Tó bá jẹ́ iná nìkan lẹ ń rà, ẹ tún wá ọfà lẹ́bàá E yẹn. Ọfà kan tó kọjú sí ọ̀tún ẹni tó dúró níwájú iná túmọ̀ sí pé fún ìlú tí wọ́n ń wakọ̀ lápá òsì ni, bíi Ìlú Ọba. Àwa ti kúrò níbẹ̀ láti oṣù Kẹrin 1972. Irú iná bẹ́ẹ̀ á máa gbójú sókè sí ẹni tó ń bọ̀, kò sí bí rìwáyà ṣe fẹ́ yí ìdè rẹ̀ tí yóò tọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó AFS, ẹ gbé ọkọ̀ náà dojú kọ ògiri ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tan iná, ẹ sì ṣíná ọkọ̀. Ní ọ̀pọ̀ wọn, ojú ìmọ́lẹ̀ lára ògiri á sọ̀ kalẹ̀, á gbéra sókè, àwọn kan á tún wo ọ̀tún wo òsì kí wọ́n tó dúró. Ẹ jẹ́ kó jó fún yín. Kẹ́ ẹ sì wo dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́: tí àwọn iná ìkìlọ̀ yòókù bá tàn tí ti AFS ò yọjú rárá, ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti lọ fi téèpù bò ó lẹ́yìn.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò òru déédéé lójú ọ̀nà tóóró, tó lówó lọ́wọ́, tó tún mọ ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dá a lójú, kó ra mátíríìsì tó ti Yúróòpù wá, á gbádùn ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní, òun náà ló fi ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé tó tún fi ń lọ síbi òkú lábúlé lópin ọ̀sẹ̀, AFS tó ṣì ń jó dáadáa tó o. Bí ọkàn yín bá sì wà lára mátíríìsì síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe Ladipo kẹ́ ẹ béèrè iye iná ọkọ̀ náà ní méjì, kẹ́ ẹ wá fi iye yẹn já owó ọkọ̀ sílẹ̀ níwájú oníkáà.