Silica gel àbí RP-A: èwo ni kí ẹ rà fún irin táwọn awalẹ̀pìtàn wú?

Irin tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ ti fa iyọ̀ mu. Bó bá dé ìta, iyọ̀, ọ̀rinrin àti ọ́síjìn á dìtẹ̀ mọ́ ọn: á sán, á máa ṣí ní ìpele ìpele, omi pupa á máa sun lára rẹ̀ bí òógùn. Ọjà méjèèjì yìí kì í yọ iyọ̀. Ohun tí iyọ̀ nílò láti ba irin jẹ́ ni wọ́n ń fi dù ú.

Silica gel ò ṣàjèjì, òun ló ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ọ̀rinrin nìkan ló ń fà. Ẹ dà á sínú àpò oníhò wẹ́wẹ́, kó wà pẹ̀lú irin nínú ike tó dé pinpin, kí káàdì tó ń wọn ọ̀rinrin sì wà níbẹ̀. Kí ọ̀rinrin inú ike náà má kọjá ìdá 20 nínú 100. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀rọ mú afẹ́fẹ́ wà nìyẹn lábẹ́ ọkọ̀ onírin SS Great Britain ti 1843, ní Bristol. Bí gel bá yó, inú ààrò ẹ̀lẹ́tíríìkì ló ń lọ, ní nǹkan bí 105°C. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí iná ò ti dúró, ẹ ka owó dísù mọ́ iye tó wà lára páálí. Ẹ má sì ra aláwọ̀ búlúù: kóbáltì inú rẹ̀ léwu. Aláwọ̀ ọsàn ni kẹ́ ẹ mú.

RP-A, iṣẹ́ Mitsubishi Gas Chemical ti Japan, ń fa ọ́síjìn àti ọ̀rinrin pọ̀. Kò bèèrè ààrò, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni bá já àpò tó lẹ̀ pa mọ́ irin nítorí àlejò ti fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀rá Escal ni kẹ́ ẹ fi ooru lẹ̀ pa, torí ọ́síjìn ń gba inú ọ̀rá lásán kọjá. Ẹ fi hóró atọ́ka sí i: píǹkì ló dáa, búlúù túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ẹ ṣọ́ra fún RP-K, ọmọ ìyá rẹ̀. Ìyẹn kì í fa ọ̀rinrin, igi àti awọ ló wà fún.

Lójú tèmi, irin táwọn olùwádìí ń gbé jáde lemọ́lemọ́, silica gel ló yẹ ẹ́. Èyí tó ń lọ jókòó fọ́dún púpọ̀, RP-A ni, kí ẹ ya fọ́tò àti X-ray rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ wọn àpò yín kẹ́ ẹ tó béèrè ọjà, torí iye afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń sọ iye RP-A tẹ́ ẹ máa lò.